Dúrọ́ọ̀mù Kẹfà Lábẹ́ Pọntú

Sátidé, 25 Feb. '89

Wọ́n ti gbé Pọntú wọlé. Ọkùnrin mẹ́jọ, pikọ́ọ̀pù kan, ariwo bí ẹni pé erin ni wọ́n ń gbé. Ó wà lẹ́yìn ilé báyìí, láàárín igi ìbẹ́pẹ àti okùn tí mo ń sá aṣọ sí. Mi ò níbi sá aṣọ mọ́. Kápúténì — ọkọ mi ni, orúkọ tuntun tí mo fún un láàárọ̀ yìí — ń yí i po, ó ń dá rẹ́rìn-ín.

Ọkọ̀ tó lẹ́wà kọ́. Pákó tí wọ́n tẹ́ lórí dúrọ́ọ̀mù mẹ́fà, mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì. Pọ́ntúùnù ni òyìnbó tó ń wa iyanrìn nígbà náà pè é, Bàbá ọkọ mi gé e kúrú. Òun ni Bàbá fi kó èèyàn àti gbágùúdá kọjá odò ẹ̀yìn Ìgàndo fún ogún ọdún, kí ẹsẹ̀ tó dá a jókòó. Ó ní òun fẹ́ fi sọdá lẹ́ẹ̀kan sí i, kóun lọ wo oko òun kí ààwẹ̀ tó dé. Kápúténì ní kó fọkàn balẹ̀. Panẹ́bítà ni ní Ìkòtún, kò sí irin tó ń bà á lẹ́rù.

Sọ́ńdè, 26 Feb.

Dúrọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ! Mo fi kànìnkànìn fọ ẹrẹ̀ kúrò, orúkọ ń yọ. Bàbá ra ọ̀kan fún ara rẹ̀, ọ̀kan fún Ìyá tó ti lọ, lẹ́yìn náà ọ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bí. MÚDÀṢÍRÙ — Kápúténì mi nìyẹn. JÀFÁRÙ. HÀRÚNÀ. MỌ̀DÍNÁTÙ.

Mo kọ wọ́n síbí torí pé ìwé yìí ò lẹ́nu. Ọdún kẹsàn-án tí mo ti wà nílé yìí rèé, mi ò tíì fẹnu pe ọ̀kankan nínú wọn lórúkọ. Màámi ti kìlọ̀ fún mi kí n tó kúrò l'Ógbómọ̀ṣọ́: ẹni tí ìyàwó bá bá nílé, ìyàwó kì í pè é lórúkọ, ì báà jẹ́ ọmọ ọjọ́ kan. Ìdí nìyẹn tí Jàfárù fi di Akọ̀wé, tí Hàrúnà di Dúdúyẹmí, tí Mọ̀dínátù sì di Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà tí mo dé, ó tín-ín-rín bí ìṣáná. Kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́ o.

Mo ka dúrọ́ọ̀mù náà lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ tí mi ò tíì bí sọ sí mi lọ́kàn. Mo lọ gbé oúnjẹ kaná.

Wẹ́sidé, 1 Mar.

Ẹ̀yìn ń dun Kápúténì. Mo fi òrí wọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ Pọntú ló ń sọ títí ó fi sùn lọ.

Sátidé, 4 Mar.

Ọṣẹ àti pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ ló fi yẹ wọ́n wò. Ó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú dúrọ́ọ̀mù, ó ń fi ọṣẹ pa á lára. Ibi tó bá ti hó, ibẹ̀ ló ń jò. Bàbá wà lórí àga, ó ń fi ọ̀pá júwe. Ojú rẹ̀ yá ju ti ọmọ rẹ̀ lọ. Ó bú u títí di ìrọ̀lẹ́, inú àwọn méjèèjì sì dùn.

Márùn-ún yè. Ti Ìyá ti tán. Ó ti dógùn-ún débi pé ìka mi wọ inú rẹ̀. Orí rẹ̀ nìkan ló ṣì le. Bàbá ní ká gbé òun wọlé.

Mọ́ńdè, 6 Mar.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wá láti Ìpájà, ó gbé ẹja wá fún Bàbá. Mo wà ní kíṣìnnì, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà nídìí Pọntú. Kò mọ̀ pé mò ń gbọ́ — àbí ó mọ̀. Ó ní kó fẹ́ ìyàwó kejì. Ó ní ọdún mẹ́sàn-án ti tó, kí Bàbá rí ọmọ tí àkọ́bí rẹ̀ bí kó tó kú.

Kápúténì ní kó bá òun na ọwọ́ mú sáńdípépà.

Ìdáhùn rẹ̀ náà nìyẹn. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí. Ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn.

Fúráìdè, 10 Mar.

Kò rí dúrọ́ọ̀mù gidi rà. Èyí tó rí ń rùn fún epo, ẹ̀rù ń bà á láti fi iná kàn án.

Tèmi wà lábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, èyí tí mo ń gbe omi òjò sí. Màámi ló rà á fún mi nígbà tí mò ń lọ sílé ọkọ. Mo ti máa ń wò ó pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kí n máa lọ, òun ni màá kọ́kọ́ yí dé títì. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi rò ó. Lónìí mo ní kó mú un. Ó ní rárá. Èmi fúnra mi ni mo da omi rẹ̀ sínú báàfù, sínú kòkò, títí kan kẹ́túrù àlùwàlá Bàbá.

Sátidé, 11 Mar.

Ó gé orí dúrọ́ọ̀mù Ìyá, ó jó o mọ́ tèmi láti fi dí i lẹ́nu. Bàbá fi ọwọ́ pa ojú jíjó náà títí, ó ní ó dáa. Kò hó níbì kankan.

Sátidé, 18 Mar.

Pákó tuntun ti wọlé. Bàbá ní èmi tí mo jẹ́ tíṣà ni kí n tún orúkọ kọ, kí n kọ ọ́ bó ṣe wà. Mo ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, mo dúró níwájú ti Mọ̀dínátù. Ọwọ́ mi kọ̀. Ṣé kíkọ kì í ṣe pípè? Kí n wá pè é lójú gbogbo odò?

Ohun tí ẹnu mi mọ̀ ni mo kọ. AKỌ̀WÉ. DÚDÚYẸMÍ. Ọ̀PẸ́LẸ́ŃGẸ́. Mo kọ BÀBÁ sí ti Bàbá. Lórí ti Kápúténì mo kọ ỌKỌ MI. Bàbá ní ọwọ́ mi gún. Kéwú nìkan ló lè kà, kò mọ ohun tí mo ṣe.

Ó ku ìkẹfà. Kápúténì ní ká kọ FÀÚSÁTÙ, orúkọ mi. Ìtìjú bá mi. Bàbá ní ká dúró ná.

Sọ́ńdè, 19 Mar.

Kápúténì rí tirẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí òòlù fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó ní ṣé mo ti ro ti àbúrò òun obìnrin.

Mi ò rò ó. Yóò ní èmi tí mi ò bímọ ni mo nu orúkọ àwọn kúrò lára ọkọ̀ bàbá wọn. Mo fẹ́ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Kápúténì ní bí mo bá pa ti òun rẹ́, òun ò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ọ̀dà tó kù nídìí agolo ò tó nǹkan náà.

Tọ́sìdé, 23 Mar.

Gbogbo ọmọ Bàbá ń bọ̀ wá ti Pọntú sómi lọ́dún Àjíǹde. Ọjọ́ mẹ́rin ló kù.

Mọ́ńdè Ọdún Àjíǹde, 27 Mar.

Gbogbo wọn wá torí ọlidé. A gbé Pọntú dé etí odò. Akọ̀wé àti Dúdúyẹmí rí tiwọn, wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ dé ìdí tirẹ̀, ó dúró. Ó bi wọ́n pé ta ló kọ èyí.

Mo ní èmi ni. Mo ní ẹnu mi ò lè pè wọ́n lórúkọ, ọwọ́ mi náà ò lè ṣe é.

Ó wo ara rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó wa, èmi tí mo rí báyìí ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́?" Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà di ẹkún. Ó ní láti ìgbà tí Ìyá ti kú, èmi nìkan ló kù tó ń pe òun bẹ́ẹ̀.

Ó gba agolo ọ̀dà. Ó bi Bàbá pé ta ló ni ìkẹfà. Bàbá ní ẹ̀yin ọmọ ilé ni kẹ́ ẹ sọ, ìdí tóun fi ní ká dúró nìyẹn. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú aṣọ òde, ó ha ìdí agolo, ó kọ ọ́. Ìkọ̀wé rẹ̀ wọ́, ọ̀dà ń ṣàn. ÌYÀWÓ WA.

Kò wo ojú mi. Ó ní, "Mo mọ̀ pé ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ fún Bọ̀ọ̀dá lọ́jọ́sí. Mo ti kó o jẹ."

A ti Pọntú sómi. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ. A gbé Bàbá àti àga rẹ̀ sí àárín, Kápúténì mú ọ̀pá. Gbogbo wọn ti wọ ọkọ̀ tán, èmi ni wọ́n ń dúró dè. Mi ò mọ omi wẹ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ lé igun ibi tí dúrọ́ọ̀mù mi wà, mo sì tẹ́tí sí i.

Kò jò.