Ta Ni Ìbùkún Ń Pè ní Màmá?

Bàbá Ìbùkún,

Ara mi ti ń mókun ní ọsibítù n'Íbàdàn níbí. Dókítà ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fáírọ́ọ̀sì tó fún mi níkọ́ lọ́jọ́sí ló ba iṣan inú ẹ̀dọ̀fóró mi jẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ru níbẹ̀, tí ọkàn mi sì ń ṣe làálàá. Ẹ má fòyà. Mo ń rìn dé ẹnu ọ̀nà, mo kàn ń jókòó mí díẹ̀ ni.

Ìbùkún sọ lórí fóònù pé, “Màmá Dinah ló dirun fún mi.” Lóòótọ́, èmi ni mo bẹ àbúrò mi pé kó wá bá yín tọ́jú ọmọ l'Éggua. Ṣùgbọ́n Màmá kẹ̀? Ẹ̀yin náà sì rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ọ.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Ẹ kí Dinah náà. Ẹ sọ fún un pé Àǹtí ló ń jẹ́.

Àṣìkẹ́, ìyàwó yín