Ẹ̀yìn Boubacar Ni Mo Dúró Sí

Mọ́ńdè, 31 May 2021

Wọ́n ti fi mí ṣe aṣojú obìnrin ẹgbẹ́ òṣèlú wa ní Kalley, àdúgbò tí ṣọ́ọ̀bù mi wà. 13 June la máa yan olórí ẹgbẹ́. A kì í tẹ̀ka — èèyàn á dúró sẹ́yìn ẹni tó fẹ́, gbogbo ayé á sì rí i. Àwọn méjì ló ń du ipò náà. Boubacar ní ojú ọjọ́ ti yí padà, ká kó àwọn ará etí odò ní àdúgbò Yantala kúrò kí òjò tó dé. Yàhàyá ní epo rọ̀bì ni ká wà, ká yé dẹ́rù ba ará ìlú.

Etí odò yẹn gan-an nilé wa wà. Yéè.

Wẹ́sìdeè, 2 June

Alágídí — ọkọ tí mo fojú ara mi fẹ́ — ní búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan lòun fi kọ́ ilé yẹn. Tí mo bá dúró sẹ́yìn Boubacar, èmi ni mo wó o. Kò pariwo. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù.

Jímọ̀, 4 June

Mi ò tajà. Orí ń fọ́ mi. Àbúrò mi Zaynab pè láti Koira Kano níbi tó ń gbé. Odò ò mọ̀nà débẹ̀.

Túsìdeè, 8 June

Boubacar wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó kọ́kọ́ ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀, pé àwa Yorùbá lè ta aṣọ fún ẹja. Mo wá sọ ti ọdún tó kọjá fún un: omi kan fèrèsé, mo gbé Àmínà ọmọ mi kọ́rùn, odò gbé bàtà rẹ̀ lọ. Ọmọ náà ṣì ń bèèrè bàtà. Ó dorí kodò. Ó ní, "Hàjíà, ọ̀rọ̀ etí odò yẹn ni màá kọ́kọ́ mú ṣe." Mo gbà á gbọ́.

Sátidé, 12 June

Alágídí sùn sí pálọ̀. Ó ní kí n rò ó dáadáa. Kí ló kù tí mi ò tíì rò?

Sọ́ńdè, 13 June

Mo dúró sẹ́yìn Boubacar. Alágídí ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà. Díẹ̀ báyìí ni Boubacar fi borí. Inú mi dùn débi pé mo sunkún.

Ló bá gba máíkì. Ó dì mọ́ Yàhàyá. Ó ní kí ẹgbẹ́ má bàa pín, àwọn méjèèjì ti fẹnu kò láti àná: wọn ò ní kó ẹnikẹ́ni kúrò létí odò lọ́dún yìí, ìgbìmọ̀ á kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Láti àná! Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà, mi ò rí ojú rẹ̀.

Alágídí ló pàtẹ́wọ́ jù. Ó ra súyà lọ́nà. "Mọ́rìlíátù, ó ti parí. Ilé wa ò lọ síbì kankan." Ó ń rẹ́rìn-ín bí ìgbà tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra. Ẹ̀rín yẹn dùn mí ju ìbínú rẹ̀ lọ.

Òjò ti ṣú. Mo ti kó aṣọ Àmínà sínú báàgì. Zaynab ní yàrá wà fún wa lọ́dọ̀ òun.

Tó bá jẹ súyà rẹ̀ tán, màá sọ fún un.