Ẹsẹ̀ Tí Mo Ń Pè ní Àlejò

Ọjọ́ Ẹtì, 3 Ọ̀wàrà 2025

Mo ti dé ibùdó. Ibùdó! Ilé kan nínú ẹ̀sítéètì ní Ifákọ̀, kẹ̀kẹ́ méjì péré sí ilé wa ní Kétu. Bí mo bá kígbe dáadáa, ó kù díẹ̀ kí Mummy gbọ́. Ṣùgbọ́n Kóòṣì Rótìmí ní òfin ni òfin, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sùn sílé títí ibùdó yóò fi parí. Sáà tuntun ti ń bẹ̀rẹ̀, kí yìnyín tó bọ́ ní Fínláǹdì tí a ti fẹ́ lọ díje, kí ara ti le níbí.

Àwa mẹ́ta ni gbogbo ẹgbẹ́ sikí wa, àwa tí a fẹ́ fi pátákó yọ́ lórí yìnyín: èmi, Edith, Níyì. Níyì wọlé láti Ajégúnlẹ̀ pẹ̀lú báàgì lórí, ó ká ṣòkòtò dé orúnkún. Omi ti tún wọ àdúgbò wọn. Kóòṣì ní ká ní omi yẹn lè dì ni, à bá ti máa ṣe sikí lórí ẹ̀, kò sí pé à ń wá owó bàálù kiri. Edith ní tirẹ̀ gbé ìrọ̀rí mẹ́ta wá. Yàrá kan náà la jọ wà. Láti òní lọ, Madam Ìrọ̀rí ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé yìí.

Ohun tí mo wá ṣe níbí, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ kedere kí n má baà máa tan ara mi jẹ. Ẹsẹ̀ òsì. Kẹ̀kẹ́ dojú dé pẹ̀lú mi ní Máìlì Méjìlá lọ́dún tó kọjá, orúnkún fọ́, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dì í. Nígbà tí wọ́n gé sìmẹ́ǹtì yẹn kúrò, ẹsẹ̀ tó jáde kò jọ tèmi — ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó gbẹ, ó ń wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Mo bá sọ ọ́ ní Àlejò.

Kóòṣì ti sọ tirẹ̀: "Halima, ibùdó yìí ni èmi àti ẹsẹ̀ yẹn máa fi mọ ara wa. Tó bá gbé ẹ dé ìparí, a jọ ń lọ sórí yìnyín ní Fínláǹdì nìyẹn. Tó bá ń dà ẹ́ láàmú, sọ fún mi. Mi ò lè gbé ẹni tó ń tiro wọ yìnyín o, abeg."

Mo ní ẹ ṣé sà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4 Ọ̀wàrà

Ọjọ́ kìíní lórí títì. Kò sí yìnyín ní Kosofe, nítorí náà ọ̀dà ni yìnyín wa. Pátákó tóóró lábẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, táyà kékeré kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀pá lọ́wọ́ méjèèjì. Kò ní bíréèkì. Mummy kò mọ èyí, kò sì ní tẹnu mi gbọ́.

Oríṣi táyà méjì lẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní. Nọ́ńbà Méjì ń sáré, ó wà fún ìgbà tí títì gbẹ. Nọ́ńbà Mẹ́rin lọ́ra, ó máa ń lẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wà fún ọjọ́ òjò kí a má baà yọ̀ lọ bá àwọn baba ńlá wa. Dúdú ni méjèèjì, títóbi wọn kan náà, nọ́ńbà funfun tí wọ́n tẹ̀ sí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ nìkan la fi ń mọ̀ wọ́n yàtọ̀.

Bàbá kan yọjú lójú fèrèsé bí a ti ń fò kọjá: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ta ló ń lé yín?" Níyì dáhùn pé Fínláǹdì ni, sà.

Àlejò ṣe dáadáa.

Ọjọ́rú, 8 Ọ̀wàrà

Òkè la gùn láàárọ̀. Àlejò kò sọ nǹkan kan. Alhamdulillah.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 Ọ̀wàrà

Ọjọ́ àbẹ̀wò. Mummy gbé ìrẹsì wá, ó gbé ẹja díndín wá, ó tún gbé àpò yìnyín kan wá. Yìnyín ló kúkú ń tà, àwọn ẹlẹ́ja Máìlì Méjìlá kò lè ṣe kí wọ́n má mọ̀ ọ́n. Ó kọjú sí Kóòṣì:

"Kóòṣì, ẹ bá mi bi í o. Ẹ̀gbẹ́ fìrísà mi lọmọ yìí dàgbà sí. Kò fọwọ́ kan yìnyín rí àfi tí mo bá pariwo lé e lórí. Yìnyín ọ̀fẹ́ ló sá fún nílé, ó wá fẹ́ wọ bàálù lọ bá yìnyín lálejò."

Kóòṣì rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un.

Mummy kò lè jókòó lásán. Ibi tó bá dé, á wá nǹkan fọ̀. Wọ́n ti bá a níbi tó ti ń fọ ìkòkò ní ilé ìkómọ tí wọ́n pè é sí gẹ́gẹ́ bí àlejò pàtàkì. Ó ṣẹlẹ̀ pé a ti tú àwọn táyà wa láti fi òróró sí wọn, a tẹ́ wọn sórí ẹní, tẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, Méjì lọ́tọ̀, Mẹ́rin lọ́tọ̀. Kóòṣì pè wá wọlé fún ìpàdé kékeré. Ká tó jáde, tèmi ti wọnú abọ́. Mummy ti yọ kànhìnkànhìn onírin nínú báàgì rẹ̀ — ta ló ń gbé kànhìnkànhìn kiri? — ó ti fi ọṣẹ bó wọn, ó ti nù wọ́n gbẹ, ó tò wọ́n sí ìlà méjì bí àwo ọdún Iléyá. Tèmi nìkan. Ó ní òun kì í fọwọ́ kan ẹrù ọmọ ọlọ́mọ.

"Ọmọ Alhaji kò gbọdọ̀ máa gun ìdọ̀tí kiri Ifákọ̀."

Wọ́n dúdú minimini, wọ́n ń dán. Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo dì mọ́ ọn. Lẹ́yìn tó lọ, mo mú ìlà kan, mo dè é mọ́ pátákó, mo kó ìlà kejì sínú àpò táyà òjò.

Ọjọ́ Ajé, 13 Ọ̀wàrà

Àlejò ń fà.

N kò fẹ́ kọ ọ́, ṣùgbọ́n òun nìyẹn. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ń lọ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, òsì ń bọ̀ lẹ́yìn bí ọmọ tí wọ́n ń wọ́ lọ sílé kéú. Gbogbo ara mi ń yí sósì. Mo tì í, mo tì í, itan mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbiná. Orúnkún kò dùn mí rárá — ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹsẹ̀ tó bá dunni, èèyàn mọ ohun tó ń ṣe é. Èyí tó kàn kọ̀ láti lọ ńkọ́?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Ọ̀wàrà

Bẹ́ẹ̀ náà ni.

Ọjọ́bọ̀, 16 Ọ̀wàrà

Mo ṣubú níbi tí títì ti ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀. Mo sọ fún Kóòṣì pé òkúta ni. Kò sí òkúta kankan níbẹ̀. Níyì bá mi wá òkúta náà títí, kò rí i, mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì.

Edith kàn ń wò mí. Nígbà tí a wọ yàrá lọ sinmi lọ́sàn-án, ó ju ọ̀kan nínú ìrọ̀rí mẹ́ta náà sí mi: "Fi sábẹ́ orúnkún yẹn." Ó yíjú sí ògiri. Mo fi ìrọ̀rí bojú, mo sunkún díẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 Ọ̀wàrà

Mummy pè. Kò lè wá lónìí, iná ti dé, yìnyín ń dì. Ẹsẹ̀ ńkọ́? Mo ní ó wà dáadáa, Mummy. Ṣé mo ń lo àwọn táyà tí òun fọ̀? Mo ní mò ń lò wọ́n, Mummy. Ó ní òun ti rí kóòtù òtútù kan rà fún mi ní òkìrìkà, ó nípọn débi pé òun gbé e wọ̀, òun tẹ orí bọ inú fìrísà, òtútù kò mú òun. Gbogbo àwọn ẹlẹ́ja ló wá wò ó. Gbogbo wọn ló ń kí mi kú oríire.

Mo ní ẹ bá mi kí wọn.

Ọjọ́ Ajé, 20 Ọ̀wàrà

Ó ti tán. Mo ti sọ fún un.

Títì gbẹ, oòrùn mú, kò sí ẹni tí mo lè dá lẹ́bi. Edith àti Níyì ti lọ jìnnà sí mi débi tí n kò rí ẹ̀yìn wọn mọ́. Ó rẹ̀ mí. Kì í ṣe ẹsẹ̀ ló rẹ̀ mí, irọ́ ni. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Tèmi ò tilẹ̀ lọ jìnnà. Mo bọ́ pátákó, mo rìn lọ bá Kóòṣì, mo ní, "Sà, ẹsẹ̀ mi ń fà. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan."

Ó ní kí n tún wọ̀ ọ́. Ó ní kí n fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo yọ́ láti orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wá sísàlẹ̀, ọ̀tún kọ́kọ́, kí òsì tẹ̀ lé e. Ọ̀tún gbé mi dé géètì aláwọ̀ ewé. Òsì dúró níbi òpó iná, kò dé ìdajì ọ̀nà. Kóòṣì jókòó sí etí gọ́tà. Kò bú mi. Ó ní, "O ṣé tó o sọ ọ́ fúnra ẹ." Ó tún ní, "Pe Mummy, kí wọ́n wá mú ẹ lọ́la."

Ká ní ó pariwo mọ́ mi ni, ì bá sàn. Mo pe Mummy, mo ní kí wọ́n máa bọ̀. N kò sọ ìdí. Wọn kò béèrè. Ìyẹn náà dùn mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21 Ọ̀wàrà

Ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Mo wà ní yàrá láàárọ̀, mò ń di ẹrù. Táyà ẹ̀yìn Edith ti là. Kóòṣì ní kó lo pátákó tèmi, èmi kò kúkú ní lò ó mọ́. Mo gbọ́ ọ. Mo ń ká ṣòkòtò, mo gbọ́ ọ.

Kò pẹ́, igbe sọ. Mo sáré jáde. Madam Ìrọ̀rí wà nínú òdòdó onílé kan, ẹsẹ̀ lókè, ewé lórí. Ó rí mi, ó bú jáde:

"Halima! Kí lo ṣe sí nǹkan yìí? Ó ń wọ́ mi sósì! Ṣé ẹsẹ̀ ẹ ni mo wọ̀ ni?"

Níyì ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín. Ó sì dá a dúró lójijì. Kóòṣì wo Edith, ó wò mí. Edith kò ṣẹ́ lórúnkún rí láyé rẹ̀.

Kóòṣì ní kí n wá. Ó gba pátákó méjèèjì, ó fi ti òsì sí ọ̀tún, ó fi ti ọ̀tún sí òsì. "Máa lọ." Mo tẹ̀ ẹ́. Yé! Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi, ẹsẹ̀ tí kò ṣẹ̀ rí, òun ló ń fà! Àlejò sì ń fò! Ó ń fò bí ẹyẹ! Mo lọ, mo padà, mo tún lọ. Ara mi ń yí sọ́tùn-ún báyìí.

Kóòṣì dojú pátákó dé lórí itan rẹ̀. Ó ń wá nọ́ńbà. Kò sí nọ́ńbà. Ó ní, "Ta ló fọ àwọn táyà yìí?"

Mo jókòó sáàrin títì, mo bú sẹ́kún. Kànhìnkànhìn! Mummy ti bó nọ́ńbà kúrò, ó da Méjì pọ̀ mọ́ Mẹ́rin, ó sì tò ó pa dà pẹ̀lú ìfẹ́. Òsì wọ táyà òjò, ọ̀tún wọ táyà eré, èmi sì ń dá Àlejò lẹ́bi láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo di orúnkún mi mú, mo ń bẹ̀ ẹ́. Mo ní máà bínú. Edith jókòó tì mí pẹ̀lú ewé lórí, òun náà ń sunkún, ó ní òdòdó yẹn ní ẹ̀gún.

A tú àwọn táyà náà sórí ẹní. Bẹ́ẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ kan dúró lẹ́nu géètì, Mummy sọ̀ kalẹ̀, ojú rẹ̀ ti fà ro. Ó wò mí látòkè délẹ̀. Ó rí àwọn táyà lórí ẹní, pẹ̀lú eruku. Kò tíì kí ẹnikẹ́ni, ọwọ́ ti wọ báàgì, kànhìnkànhìn ti yọjú.

Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la jọ kígbe: "Mummy, ẹ má fọ̀ ọ́!"

Kóòṣì dọ̀bálẹ̀ kó tó ṣàlàyé. Nígbà tó yé Mummy, wọ́n gbé ọwọ́ lérí. "Èmi? Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi so ọmọ mi lẹ́sẹ̀?" Mo ní rárá o, Mummy. Wọ́n fún Edith ní kànhìnkànhìn náà pé kó bá àwọn jù ú nù. Wọ́n fi kóòtù òkìrìkà náà sílẹ̀ lórí ibùsùn mi, wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ padà sí Kétu.

Mo ti tú ẹrù mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 24 Ọ̀wàrà

Kóòṣì ti gun gbogbo táyà mi lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi mọ èyí tó ń sáré. Ọ̀dà èékánná Edith ló fi sàmì sí wọn, pupa fún Méjì. Òní ló ní ká tún gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọjọ́ yẹn ṣe, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀tún gbé mi dé géètì aláwọ̀ ewé, bíi tìjọ́sí.

Òsì dé géètì aláwọ̀ ewé. Kò dúró. Ó gbé mi dé ilé tí ajá wọn máa ń gbó, ajá náà gbó, mo ṣì ń lọ. Kóòṣì ní kí n tún un ṣe. Bákan náà ni. Ó wò mí títí, ó wá ní, "Látọjọ́ tí wọ́n ti fọ táyà yẹn ni ẹsẹ̀ yìí ti ń dá ẹrù tó wúwo gbé. Mummy ẹ ti bá mi kọ́ ọ ní nǹkan tí mi ò lè kọ́ ọ. Lọ múra. Àwa mẹ́ta là ń lọ o — sorry, mẹ́rin, mo gbàgbé ara mi."

Níyì gbé mi sókè. Madam Ìrọ̀rí gba ìrọ̀rí rẹ̀ pa dà.

Mo pe Mummy. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ohùn wọn ti rẹlẹ̀ lórí fóònù, wọn kò fi yìnyín ṣe mí yẹ̀yẹ́ mọ́. Mo sọ fún wọn ohun tí Kóòṣì sọ, pé òsì ti le ju ọ̀tún lọ, pé kànhìnkànhìn wọn ló fà á. Mo gbọ́ tí wọ́n pa ìdérí fìrísà dé. Wọ́n wá bi mí tọkàntọkàn:

"Ṣé kí n wá bá ọ̀tún náà fọ tirẹ̀ ni?"

Mo rẹ́rìn-ín títí inú fi ń dùn mí, mo di ògiri mú. Ẹsẹ̀ kò dùn mí rárá.