Ẹ̀rọ Géèmù Tí A Lọ Ná Ní Àkúrẹ́

Ilé Ògúntóyè,
Ẹfọ̀n-Alààyè,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹsàn-án, 1995.

Rótìmí ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé o ń jẹun, ṣé Èkó kò tíì mú ọ rù? Bí o bá béèrè wa, gbogbo wa ń mí, a dúpẹ́. Ọlọ́run tó mú ọ jáde nílé yìí kò ní jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí n kò fẹ́ gbọ́ nípa rẹ, àmín. Ọmọlará ẹ̀gbọ́n rẹ ti bímọ, obìnrin ni, iwájú rẹ̀ yọ gẹ́lẹ́ bíi ti bàbá rẹ tó ti lọ. Òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́. Yàrá bàbá rẹ nìkan ni kò jò, ibẹ̀ ni mo ń sùn láti ìgbà tí ìjì oṣù kẹrin ti ká páànù pálọ̀ lọ, ìwọ náà sì mọ̀.

Mo gba lẹ́tà rẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á, torí mo rò pé ojú mi ló ń ṣe mí. O ní ẹ̀rọ géèmù tuntun kan dé tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, pé ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án náírà ni, pé o ti ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta nílẹ̀, kí n kó ẹgbẹ̀rún mẹ́fà tí mo fi pamọ́ fún páànù kún un, kí o lè gbé e síwájú ilé kí àwọn ọmọ àdúgbò máa sanwó ṣeré. O ní gbogbo Èkó ló ń fẹ́ ẹ. Háà, gbogbo Èkó! Èmi tí mo ti ń ta iṣu láti ìgbà tí o wà lẹ́yìn mi, mo ní kí n lọ fojú ara mi wo ohun tí gbogbo Èkó ń fẹ́. Mo sì mọ̀ pé ẹ̀yin ará Èkó kò mọ ọjà ná, iye tí wọ́n bá pè fún yín lẹ máa ń san. Mo di ẹgbẹ̀rún mẹ́fà náà sí ìdí aṣọ, mo mú Ràbíátù ọ̀rẹ́ mi dání, ìyàwó Sànúsí oníkòkó, ẹni tí gbogbo ọjà Àrámọkọ máa ń sá fún bó bá ti ń ná nǹkan, ó di Àkúrẹ́.

A rí ẹ̀rọ náà ní ṣọ́ọ̀bù kan. Rótìmí, ìyẹn náà nìyẹn? Kò tó páálí ọṣẹ. Ọkùnrin kékeré kan ń sáré nínú tẹlifíṣọ̀n, ó ń ṣubú sí kòtò, ó ń kú, ó tún ń jí, ó tún ń lọ ṣubú sí kòtò kan náà. Kò gbọ́n rárá. Mo béèrè lọ́wọ́ ọmọkùnrin tó ń tajà pé ọkùnrin mélòó ló wà nínú páálí, torí ọ̀nà òkè Ẹfọ̀n kò dára, bí èyí bá kú sọ́nà ńkọ́? Ó ní mẹ́ta ni. Mo ní mẹ́ta kò tó. Ó tún fún mi ní ìwé kan, ó ní àwọn dúró fún ẹ̀rọ náà fún ọdún kan. Ọdún kan péré! Ìkòkò tí ìyá ìyá mi rà ni mo fi ń se ẹ̀wà di òní, kò sì sẹ́ni tó kọ ìwé ikú fún un lọ́jọ́ tí wọ́n rà á.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni àwọn tó dúró yí i ká. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó de táì, ó ní òun kò rí ohun tó wuyì tó báyìí rí, ó ti ń nawọ́ láti fọwọ́ kàn án. Wọ́n pe ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án fún un. Kíá ló tún táì ṣe, ó ní irú nǹkan wọ̀nyí ń ba ojú ọmọdé jẹ́. Obìnrin kan ní kí wọ́n gbé e wálẹ̀ fún òun, bó ṣe gbọ́ iye báyìí ló rántí pé àwọn ọmọ òun ní ìdánwò. Bàbá tísà kan ní iṣẹ́ Sátánì ni. Kí wọ́n tó dárúkọ owó, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé iṣẹ́ Sátánì ni! Ojú tì mí fún wọn. Gbogbo wọn á wá yíjú sí ògbólògbòó ẹ̀rọ géèmù kan tí eruku ti bò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò wò láti àárọ̀, wọ́n á ní èló nìyí, wọ́n á ní ẹgbẹ̀rún kan àbọ̀, wọ́n á ní ẹ̀n-ẹ́n, èyí náà mà dára. Bí èmi náà ṣe máa ń ṣe é nìyẹn, iṣu ńlá ni mo máa ń tò síwájú kí wọ́n lè gbọ́ iye rẹ̀ kí wọ́n sáré ra kékeré. Gbogbo Èkó rẹ nìyẹn o, ojú lásán ni wọ́n fi ń fẹ́ ẹ.

Ràbíátù bọ́ síwájú, ó ní ẹgbẹ̀rún méjì. Ọmọkùnrin náà ní iye tí wọ́n kọ sí i lára ni, wọn kì í ná an. Wọn kì í ná an! Irú ọjà wo nìyẹn, ṣé ìdá mẹ́wàá ṣọ́ọ̀ṣì ni? Ràbíátù gùn ún dé mẹ́ta, ó dé mẹ́rin, èmi fúnra mi gbé e dé mẹ́fà, ọmọ yẹn ń jẹ gúgúrú. Ni Ràbíátù bá fà mí lápá, ó ní ká máa lọ, yóò pè wá padà. Ìwọ náà mọ bí a ṣe ń rin ìrìn yẹn, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí bàtà ń fún. A dé ìdí òpó iná, kò pè wá. A dúró lọ́dọ̀ ọlọ́sàn, a ná ọsàn tí a kò fẹ́ jẹ, etí wa wà lẹ́yìn. Kò pè wá. Ràbíátù ní kí n má bojú wẹ̀yìn o, pé bí mo bá wẹ̀yìn owó á lé. Rótìmí, mo wẹ̀yìn. Nígbà tó di ọ̀sán, àwa fúnra wa la padà lọ, ohun tí Ràbíátù kò ṣe rí láyé rẹ̀. Wọ́n ti fa igi lé iye àárọ̀, wọ́n ti kọ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Wọ́n ní dọ́là ti gòkè. Mo ní kí ni dọ́là ń wá ní Àkúrẹ́, wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Mo ń bínú sí ọ, má tan ara rẹ jẹ. Ṣùgbọ́n ká ní ọmọ yẹn gba ẹgbẹ̀rún mẹ́fà náà lọ́wọ́ mi, ǹ bá ti gbé ẹ̀rọ náà wá fún ọ, kí òjò máa pa mí. Ìyẹn ló ń dùn mí jù. N kò mọ̀ pé mo gọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù keje tí iṣu tuntun kọ́kọ́ jáde, ọgọ́rin náírà ni mo ń ta ẹyọ kan, àwọn tó fẹ́ kí ará ilé kejì gbọ́ ohùn odó wọn ló ń rà á. Ogójì ni lónìí, iṣu yẹn náà sì ni. Ní sùúrù, ẹ̀rọ rẹ á wálẹ̀.

Mo ti fi ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ra ìdì páànù méjì kí a tó wọkọ̀ padà. Ó ku ìdì kan, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ni. Ìwọ lo sì fọwọ́ ara rẹ kọ ọ́ pé ẹgbẹ̀rún mẹ́ta wà lọ́wọ́ rẹ. Fún Abíọ́dún awakọ̀ kó mú un bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Má fi sí bánkì, torí wọ́n ní kí n tún buwọ́ lùwé gẹ́lẹ́ bí mo ṣe buwọ́ lù ú lọ́dún méjì sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ń dùn mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn. Fi ìpara díẹ̀ kún un fún orúnkún mi.

Ọlọ́run yóò fún ọ níṣẹ́ gidi, yóò fún ọ ní aya tó mọ ọjà ná. Kò ní sọ ọ́ di ohun tí wọ́n ń wò, tí wọ́n ń yìn, tí wọ́n ń fi sílẹ̀ lọ bí wọ́n bá gbọ́ iye rẹ̀. Èmi tí mo bí ọ, n kò béèrè èló kí n tó gbé ọ pọ̀n.

Èmi ni ìyá rẹ,
Felicia Ògúntóyè.