Apolena Vaverková, Ẹni Tó Fín Ẹfun Sára Kátóòdù, àti Ọjọ́ Mọ́kànlá Rẹ̀ (1929–2019)

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Èrèlé ọdún 1929, tí í ṣe ọjọ́ àjọ̀dún Apolena Mímọ́, ni a bí Màmá Apolena Vaverková sí abúlé Dolní Búdy ní ilẹ̀ Moravia. Bàbá wọn ni Matouš Hanzlík, àgbẹ̀ àjàrà. Ìyá wọn ni Rozálie, oníṣẹ́ abẹ́rẹ́. Màmá ni ìkẹta nínú ọmọ márùn-ún. Ẹ̀yin tí ẹ bá Bàbá Matouš láyé mọ̀ pé wáìnì wọn máa ń kan díẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló tó bẹ́ẹ̀ láti sọ ọ́ lójú wọn? Lọ́dọ̀ ìyá wọn ni Màmá ti kọ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́, kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá ni wọ́n sì ti ń ran òdòdó sára aṣọ funfun láìsí fọ́nrán òwú kan tó yọrí.

Wọ́n kàwé ní ilé-ìwé abúlé, wọ́n sì lọ sí ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin nílùú títí ogun fi tì í pa ní ọdún 1944. Ìṣirò kò bá wọn lára mu rárá, àwọn fúnra wọn ló sì máa ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ lórí rẹ̀.

Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1948, Màmá wọ iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe gílóòbù rédíò, ní yàrá ìfínfun. Nínú gílóòbù kọ̀ọ̀kan, ọ̀pá irin kékeré kan wà tí kò gùn tó igi ìṣáná, òun ni kátóòdù. Ẹfun funfun tí a pò mọ́ oje, tí a sì fín sí i lára, ló ń mú kó tú iná mànàmáná jáde bó bá gbóná; láìsí ẹfun yẹn, rédíò kò lè sọ̀rọ̀. Ẹfun náà gbọ́dọ̀ dọ́gba yíká, kó má sì nípọn ju fọ́nrán irun kan lọ. Bí òógùn ìka bá kàn án pẹ́nrẹ́n, kátóòdù kú nìyẹn.

Ọwọ́ Màmá kì í làágùn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Màdáámù Brychtová, ọ̀gá yàrá náà, yí ọwọ́ ọ̀hún síwá sẹ́yìn, ó ní, “Ọwọ́ yìí gbẹ bí ẹja gbígbẹ. Ọmọ mi, ìwọ ni mo ti ń wá!” Láàárín ọdún méjì, kò sí ẹni tó lè bá Màmá fín in dọ́gba mọ́ ní gbogbo ilé-iṣẹ́ náà.

Ibi tí a dé yìí ni ẹbí ti fẹ́ fò kọjá. Bohdan, ọmọ wọn ọkùnrin, ní ìwé ìsìnkú kì í ṣe ilé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n Màmá ti kìlọ̀ lórí ibùsùn àìsàn pé: “Ẹ lè yọ ẹsẹ̀ tó ń dùn mí kúrò, ẹ lè yọ orin tí mò ń kọ ṣì ní ṣọ́ọ̀ṣì kúrò. Bí ẹ bá yọ ọjọ́ mọ́kànlá yẹn, ẹ má pè é ní ìtàn mi.”

Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1953, kátóòdù bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Èyí tí a bá fín ní ọjọ́ Ajé ni kì í yè; ti Ọjọ́rú a máa ṣiṣẹ́ dáadáa. Àwọn aláṣẹ ní ẹnì kan ló mọ̀ọ́mọ̀ ba ẹfun jẹ́. Ẹni tó ń po ẹfun nígbà náà ni Vendelín Šustr, ọ̀dọ́mọkùnrin tí òun àti Màmá jọ ń jẹun ọ̀sán lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti sá lọ sí òkè òkun, ìyẹn nìkan sì ti tó ẹ̀rí fún wọn. A mú un lọ sí àtìmọ́lé. Ìyàwó rẹ̀ wà nínú oyún oṣù mẹ́jọ, ọ̀pọ̀ ọdún ẹ̀wọ̀n nínú kòtò èédú ló sì ń dúró de ẹni tí a bá dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ fún.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an, Màmá na ọwọ́ mú ìborùn wọn kúrò lórí ààrò tí kátóòdù ti ń gbẹ, ni òórùn imí-ọjọ́ bá bù wọ́n nímú. Lásìkò ìkórè àjàrà, gbogbo Dolní Búdy ló ń sun imí-ọjọ́ nínú àgbá wáìnì ní ọjọ́ Ìsinmi kí àgbá lè mọ́. Òjò a pa àwọn obìnrin ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, wọn a sì sá ìborùn wọn sórí ààrò náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin kò gbà á. Obìnrin mẹ́rìnlá ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Màmá ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Màmá mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ẹfun kò lẹ́bi, pé imí-ọjọ́ ara ìborùn ló ń pa kátóòdù. Wọ́n sì dákẹ́. Ilé-iṣẹ́ ti ṣèlérí yàrá méjì fún àwọn àti Cyril Vaverka, awakọ̀ ilé-iṣẹ́, tí wọ́n fẹ́ ṣègbéyàwó ní oṣù Ọ̀pẹ. Ẹni tó bá sì rú òfin yàrá ìfínfun, ó ti pàdánù ilé nìyẹn. Wọ́n ń sọ lọ́kàn pé ẹlòmíràn yóò rí i lọ́la. Ọ̀la di ọjọ́ mọ́kànlá.

Ní ọjọ́ kọkànlá, lẹ́yìn iṣẹ́, Màmá sọ ọ́ fún Cyril.

“Dúró ká ṣègbéyàwó tán ná,” ni Cyril wí.

“Oyún ìyàwó Vendelín ò ní dúró de ìgbéyàwó wa, Cyril.”

Lọ́jọ́ kejì, Màmá lọ bá àwọn aláṣẹ pẹ̀lú ìborùn yẹn lọ́wọ́. “Ẹ jẹ́ kí n fi ẹfun kan náà fín àwo kátóòdù méjì níwájú yín,” ni wọ́n wí. “Ẹ so aṣọ yìí sókè ọ̀kan.”

Orí Màdáámù Brychtová, tó wà láàárín wọn, fò lọ. “Ọmọ yìí, ṣé o mọ ohun tí o ń fi ẹnu ara rẹ sọ?”

“Mo mọ̀ ọ́n, mà. Èmi ni mo kọ́kọ́ sá a síbẹ̀.”

“Àwọn yòókù dà?”

“Orúkọ tèmi nìkan ni mo mú wá, mà.”

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, àwo tí a so aṣọ sókè rẹ̀ ti kú, èkejì ń ṣiṣẹ́ wàì. A tú Vendelín sílẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ó dúró de Màmá lẹ́nu géètì ilé-iṣẹ́, ó bi wọ́n pé, “Ọjọ́ wo lo mọ̀ ọ́n?” Màmá kò parọ́. Wọ́n ní, “Ọjọ́ tí wọ́n mú ọ.” Vendelín yí ẹ̀yìn padà, kò sì kí wọn mọ́ fún ọdún mẹ́sàn-án.

Yàrá méjì lọ. Ọdún mẹ́rin gbáko ni Màmá fi gbá àgbàlá ilé-iṣẹ́. Wọ́n ṣègbéyàwó ní oṣù Ọ̀pẹ yẹn náà, ẹ̀yìn ilé ìfúntí Bàbá Matouš ni wọ́n sì gbé. Bàbá Cyril, ọkọ wọn, kò bínú, àmọ́ bí òjò bá rọ̀ tí òrùlé ń da omi sí wọn lórí, wọn a kígbe pé, “Ilé òtítọ́ tún ń jò o!”

Ní ọdún 1958, a dá Màmá padà sí yàrá ìfínfun nítorí pé kò sí ọwọ́ tó dà bí tiwọn, wọ́n sì kọ́ àwọn ọmọbìnrin níṣẹ́ níbẹ̀ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní 1984. Láràárọ̀ ni wọ́n ń gbóòórùn aṣọ oníkálukú lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọmọ iṣẹ́ a máa pariwo pé, “Imú ti dé o!” Màmá a dáhùn pé, “Imú dé, ẹ kó ẹ̀wù yín wá!”

Wọ́n kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin fún ogójì ọdún, wọ́n ṣì í kọ tayọ̀tayọ̀. Bí obìnrin kan bá bímọ lábúlé, àwọn ni wọ́n ń gbé ọbẹ̀ adìẹ lọ kí i. Bàbá Cyril ṣáájú wọn lọ ní 2003. Màmá sùn ní ọjọ́ kẹta oṣù Bélú ọdún 2019, wọ́n fi ọmọ méjì, Bohdan àti Drahomíra, ọmọ-ọmọ márùn-ún àti àrọ́mọdọ́mọ méjì sílẹ̀.

Ní ọdún 1962 ni Vendelín kí Màmá lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, bí ẹni pé àná ni wọ́n ríra. Kò sọ ìdí, Màmá kò sì béèrè, ṣùgbọ́n ó dun Màmá dọ́jọ́ ikú pé àwọn kò mọ̀ bóyá ó dárí jì wọ́n. Ẹbí gbé ìwé yìí lọ fún Bàbá Vendelín, ẹni àádọ́rùn-ún ọdún, kí a tó tẹ̀ ẹ́. Wọ́n kà á tán, wọ́n sunkún, wọ́n ní: “Obìnrin mẹ́rìnlá ló sá aṣọ síbẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló wá. Ọjọ́ mọ́kànlá ni òun ń kà. Èmi, ọjọ́ kejìlá tó wá ni mò ń kà láti ọjọ́ yìí wá.”

Màmá, Vendelín kò bínú sí yín. Ẹ sùn re o.