Kì í Ṣe Onídìrí Ló Sọ Ọ́

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o. Mo lérò pé ara rẹ le, pé ìka tó ń ro ọ́ nítorí fìlà ọmọdé tí ò ń hun ti fúyẹ́. Ara tiwa náà le, ọkàn mi nìkan ni kò balẹ̀. Ó ti tó oṣù kan tí mo ti ń kọ lẹ́tà yìí tí mò ń fà á ya. Èmi ni mo sọ ọ́ fún ìjọba ìbílẹ̀ pé ò ń tajà. Kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ onídìrí.

Ọkùnrin tó ń wọn ṣọ́ọ̀bù fún ìjọba ìbílẹ̀ ló wá pẹ̀lú téèpù, torí ó tó àkókò kí n tún ìwé àṣẹ ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi gbà. Ó wọn ṣọ́ọ̀bù tán, ó tún wọn bẹ́ǹṣì tí mo gbé síta. Inú bí mi. Mo ní, "Àwọn tó ń tajà lórí fóònù ńkọ́? Ta ló ń wọn tiwọn?" Ó rẹ́rìn-ín: "Màmá télọ̀, àwọn wo nìyẹn?" Ni mo bá ṣí ojú òpó tí o ti ń ta fìlà hàn án. "Ọmọ mi rèé! Oníbàárà ẹ̀ ju tèmi lọ!" Ṣé ẹjọ́ ni mò ń fi sùn ni, àbí mò ń yangàn? Títí di òní, mi ò mọ̀. Kí n tó pa ẹnu dé, ó ti kọ orúkọ rẹ sílẹ̀.

Nígbà tí ìwé ìjọba ìbílẹ̀ dé pé kí o má tà mọ́ títí o ó fi gba àṣẹ, o pè mí tẹkúntẹkún, o ní onídìrí ló tú àṣírí rẹ. Mo ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi." Pẹ̀lẹ́ nìkan! Lọ́sẹ̀ tó kọjá onídìrí náà rí mi lójú títì, ó kúnlẹ̀: "Màámi, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́, mi ò mọ ohun tí mo ṣe." Mo ní mo gbọ́, mo sáré kọjá.

Mi ò tilẹ̀ mọ ibi tí òótọ́ wà. Bí èmi bá ń gba ìwé àṣẹ, kí ló dé tí ìwọ ò ní gbà? Bí fìlà bá tú lórí ọmọ ọlọ́mọ, ilẹ̀kùn ta ni ìyá rẹ̀ máa kàn? Ṣùgbọ́n èmi ní ilẹ̀kùn, ìjọba ìbílẹ̀ sì ń bá mi kó pàǹtírí. Ìwọ ńkọ́? Ibùsùn àti òwú. Baba rẹ ní bí ẹni tó ń tajà lórí ibùsùn bá gbọ́dọ̀ gbàwé, ẹni tó ń lálàá náà á gbà á lọ́la. Mo rẹ́rìn-ín, síbẹ̀ mi ò fara mọ́ ọn tán. Ọ̀rọ̀ náà dà bí abẹ́rẹ́ tó bọ́ sílẹ̀: mo mọ̀ pé ó wà nínú yàrá, ẹsẹ̀ mi ló máa kọ́kọ́ rí i.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọwọ́ rẹ wá iṣẹ́ tì. Kí ó fi ẹni tí ẹnu rẹ̀ mọ níwọ̀n yí ọ ká. Dárí jì mí.

Èmi ni ìyá rẹ, ẹlẹ́nu má-lè-dákẹ́.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: mo ti gba fọ́ọ̀mù wá fún ọ. Wọ́n ní kí a kọ bí ṣọ́ọ̀bù ṣe fẹ̀ tó. Ṣé ibùsùn ni kí n wọ̀n? Mo fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Lọ́la, kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ọ̀dọ̀ onídìrí ni mo ń kọ́kọ́ lọ. Níwájú àwọn tó ń dirun lọ́dọ̀ rẹ̀ ni màá ti sọ pé èmi ni.