Aṣọ Dúdú Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta

Nọ́ọ̀sì ló ní kí n máa ṣe é. Ó ní ọpọlọ arúgbó dà bí àgádágodo, bí wọn kò bá ń ṣí i, á dípẹtà. Kí n máa sọ ohun tí ojú mi rí lójúmọ́, kí ẹnì kan máa kọ ọ́, kí n wá gbé ìwé náà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì kí òun fi dán mi wò. Mo ní kò burú. Mi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo lẹ́nu.

Ọmọ ọmọ mi ló ń kọ ọ́. Akọ̀wé ni mo ń pè é. Ó ti parí yunifásítì, ó wà nílé lọ́dọ̀ mi, ó ń wá iṣẹ́. Mo ní kó kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, kó má bu ṣúgà sí i.

Ti òní ní ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ mi: ṣẹ́ẹ̀tì mọ́kàndínlógún, kóòtù méjì. Ẹnì kan gbàgbé eyín àtọwọ́dá sínú àpò ṣòkòtò. Mo fọ òun náà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Òjò. Aṣọ kò gbẹ. N kò ní nǹkan kan láti sọ. Akọ̀wé ní "kò sí nǹkan kan" náà, nǹkan ni. Mo ní ṣé ohun tí o fi ọdún mẹ́rin kọ́ nìyẹn? Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Mo lọ aṣọ dúdú ilé ẹjọ́ lónìí. Agbẹjọ́rò àgbà kan ló ni ín tẹ́lẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi fọṣọ fún un. Ọjọ́ tó fẹ̀yìn tì ló gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n fún ọmọ ọmọ mi lọ́jọ́ tí òun náà bá di agbẹjọ́rò. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ló wà, nínú ọ̀rá. Oṣooṣù ni mo ń gbé e jáde, tí mo ń gbọ̀n ọ́n, tí mo ń lọ̀ ọ́. Ní oṣù kejìlá tí Akọ̀wé wá fún ìsinmi, mo ní kó gun orí àpótí, mo gbé aṣọ náà wọ̀ ọ́, mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, mo ká etí rẹ̀ sókè ní ìka mẹ́rin. Ọmọ náà kúrú. Ìyá rẹ̀ ló jọ.

Ọwọ́ Akọ̀wé ń falẹ̀ lónìí. Mo ní kó kọ ìyẹn náà.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Agbẹjọ́rò kékeré kan, obìnrin, wá gba aṣọ rẹ̀. Mo fọ́nnu fún un. Mo ní tèmi náà ti ń bọ̀. Mo pe Akọ̀wé láti ẹ̀yìn pé kó wá sọ ìgbà tó máa lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn agbẹjọ́rò. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ọṣẹ lọ́wọ́.

"Fìlọ́sọ́fì ni mo kà, Màmá."

Mo ní kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹ̀kọ́ ìrònú ni: báwo lèèyàn ṣe mọ ohun tó ní òun mọ̀, kí ló dára, kí ni kò dára. Mo ní ta ló ń gbà wọ́n síṣẹ́? Obìnrin yẹn ṣàánú rẹ̀, ó ní ẹnì kan wà ní ọ́fíìsì àwọn tó kọ́kọ́ ka fìlọ́sọ́fì kó tó ka òfin, pé kò sẹ́ni tó lè bá a jiyàn kó borí. Mo ní tiwa yìí kò tilẹ̀ jiyàn kó tó borí gbogbo wa.

Mo ránṣẹ́ pe ọmọ mi, ìyá Akọ̀wé. Ó ti ibi iṣẹ́ wá, kò sọ báàgì kalẹ̀. Ó ní, "Màmá, a sọ fún yín. Láti ọdún kejì ló ti pa òfin tì. Orí àga yìí lẹ jókòó sí. Ẹ tiẹ̀ ní kò burú. Ẹ gbàgbé ni."

Mo wo Akọ̀wé. Ilẹ̀ ló ń wò. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

N kò rántí. Mo wá a nínú orí mi bí ẹni ń wá bọ́tìnì lábẹ́ ibùsùn. Kò sí níbẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: ẹ̀rù bà mí.

(Màmá kọ́ ló sọ èyí o. Èmi tí mò ń kọ̀wé ni. Wọn kò gbàgbé nǹkan kan. A kò sọ fún wọn rí.)

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

N kò ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Ọmọ mi pe nọ́ọ̀sì lórí fóònù. Nọ́ọ̀sì ní bí mo bá lè gbàgbé irú nǹkan báyẹn, kí n má fọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù gbígbóná títí òun á fi rí mi. Ọmọ mi ní kí n kó kọ́kọ́rọ́ wá. Mo kó o fún un. Èmi fúnra mi ni, kò já a gbà. Ọdún mọ́kànlélógójì nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ó ní ẹnì kan wà tó fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù náà, tó fẹ́ máa ta fóònù. Ó ti yá a lẹ́nu jù. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn kì í tètè rí oníbàárà báyẹn.

Mo jókòó. Ọwọ́ mi ń lọ aṣọ tí kò sí níbẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Akọ̀wé lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ilé iṣẹ́ kan tó ń gba ẹ̀sùn àwọn oníbàárà — ẹni tó ní wọ́n ṣe òun báyìí, ẹni tó ní rárá o, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ṣe é. Wọ́n bi í pé kí ni wọ́n ń fi fìlọ́sọ́fì ṣe. Ó ní òun sọ fún wọn pé wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ kan dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ní ìyẹn dára.

Mo bi í pé kí ló dé tó fi òfin sílẹ̀. Ó ní òfin ń sọ ohun tí èèyàn kò gbọdọ̀ ṣe, òun fẹ́ mọ ìdí. Mo ní ò bá kúkú bi mí. Mo ti mọ ìdí rẹ̀ kí wọ́n tó bí ìyá rẹ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Àìríṣẹ́ṣe ń jẹ́ kí èèyàn ronú. Mo ronú kan àpótí.

Bí wọ́n bá sọ fún mi ní ọdún kejì, tí mo sì gbàgbé, ó dáa. Ṣùgbọ́n Akọ̀wé kò gbàgbé. Kí ló gbé e gun àpótí ní oṣù kejìlá? Ó dúró síbẹ̀, ó ń yí bí mo ṣe ní kó yí, mo ń ká etí aṣọ agbẹjọ́rò sókè fún un, kò sì sọ pé, "Màmá, ṣé ẹ ti gbàgbé ni?" Ẹni tó mọ̀ pé mo mọ̀ kò ní dákẹ́ lórí àpótí.

Mo sọ ọ́ sí i lójú. Ó ní, "Bóyá, Màmá." Ọdún mẹ́rin lórí ẹ̀kọ́ ìrònú. Bóyá.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Nọ́ọ̀sì ló ń kọ èyí ní ilé ìwòsàn. Mo ní kó bá mi kọ ọ́.

Ó bi mí léèrè gbogbo ohun tó wà nínú ìwé. Mo dáhùn. Mo rántí eyín. Mo rántí iye ṣẹ́ẹ̀tì. Ó wá ṣí ọjọ́ keje, ó fẹ́ ṣí i kọjá. Mo ní kà á. Ó ní, Màmá, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ sọ èyí. Mo ní kà á.

Ó kà á.

Orí mi pé. Nọ́ọ̀sì ti kọ ọ́ sí káàdì mi pé ó pé. Mo lè fọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù. Ó yẹ kí inú mi dùn. Mo ní kó fún mi lómi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Kọ́kọ́rọ́ ti padà sọ́wọ́ mi. Ọmọ mi kó o sórí tábìlì, ó ní nítorí kí n má bàa bínú lòun ṣe purọ́. Mo ní ó ṣeun, n kò bínú rárá ní gbogbo ìgbà tí mo rò pé mò ń ya wèrè. Mo ní kí oníṣòwò fóònù rẹ̀ wá ibòmíràn.

Wọ́n ti gba Akọ̀wé síṣẹ́ ẹ̀sùn. Olè ló mọ ẹsẹ̀ olè í tọ̀ lórí àpáta.

Akọ̀wé ló ń kọ èyí. Mo sọ fún un pé nọ́ọ̀sì ka ìwé fún mi. Gbogbo rẹ̀. Ó dáwọ́ dúró. Mo ní kó kọ ọ́ pé ó dáwọ́ dúró. Ó sunkún díẹ̀, ó ní òun mọ̀ pé nọ́ọ̀sì á kà á, ìdí tí òun fi kọ ọ́ síbẹ̀ nìyẹn. Mo ní ilé kan náà là ń gbé. Ẹnu ọ̀nà yàrá mi kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́fà lọ sí tìrẹ. O sọ òtítọ́ fún bébà tí kò létí, irọ́ lo sọ fún èmi tí mo létí méjì. O wá fi nọ́ọ̀sì ránṣẹ́ sí mi.

Kì í ṣe fìlọ́sọ́fì ló dùn mí. Ì bá ka ìṣirò ìràwọ̀, mà á jẹun, mà á sùn. Orí mi tó pé ló ní kò pé, èmi sì gbà á gbọ́.

Mo ní kó gbé aṣọ dúdú wá, kó tú etí tí mo ká. Ìka mẹ́rin náà. Agbẹjọ́rò kékeré yẹn ga, á bá a mu.

Ó tú u tán. Mo ní kó ka ohun tí a kọ lónìí padà sí mi létí. Ó kà á, ó dùn-ún gbọ́, ó rí bí mo ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́.

N kò mọ̀ bóyá ohun tó wà níbẹ̀ ló kà. Kọ ìyẹn náà.